Ibi Tí Àmàlà Ti Dára Jù ní Ìbàdàn, láti Bódìjà dé Àpáta

Àmàlà ni oúnjẹ tí wọ́n fi ń dá Ìbàdàn mọ̀ láàárín àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Ìjẹ̀bú ní gàrí àti ìkọ́kọrẹ́, Èkìtì àti Oǹdó ní iyán, Ẹ̀gbá ní láfún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dárúkọ Ìbàdàn, àmàlà dúdú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú ló ń wá síni lọ́kàn. Àlejò tó wá ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kì í fẹ́ padà sí Èkó láìjẹ ẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ó bá bi ọmọ Ìbàdàn mẹ́ta léèrè ibi tí àmàlà ti dára jù, ibi mẹ́ta ni wọn yóò júwe fún un, olúkúlùkù yóò sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn méjì tó kù kò mọ oúnjẹ.

Kì í ṣe ilé ìtura ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Òtẹ́ẹ̀lì Premier ti wà lórí òkè Mọ́kọ́lá láti àwọn ọdún 1960. Foodco, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1982, ń ta ìrẹsì àti adìẹ díndín káàkiri ìlú. Ilé ìtajà ńlá Palms wà ní Ring Road fún ẹni tó ń wá písà, ṣàwámà tí àwọn ará Lẹ́bánónì mú wá kò sì sí àdúgbò tí wọn kì í ti í wé e ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ àwọn ará Mẹ́síkò, tákò tàbí bùrítò, yóò rìn jìnnà díẹ̀ kó tó rí i. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì jà nítorí ọ̀kan nínú gbogbo wọ̀nyí. Nídìí búkà ni ọ̀rọ̀ wà. Búkà lè jẹ́ àtíbàbà onípáànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó ní bẹ́ǹṣì mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ gbọ̀ngàn tó ní táìlì, fáànù àti ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ohun tó sọ ọ́ di búkà ni pé ìkòkò wà níwájú oníbàárà, olóúnjẹ ń bù ú lójú rẹ̀, owó òkèlè sì yàtọ̀ sí owó ẹran.

Èlùbọ́ ni ìpìlẹ̀ ohun gbogbo. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á kì í bọ omi gbígbóná tí kò tíì hó, wọ́n á fi í sílẹ̀ nínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ kanranjangbọn. Gbodo ni wọ́n ń pe iṣu gbígbẹ yìí; nígbà tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán ló tó di èlùbọ́. Iṣu funfun ni wọ́n fi ṣe é o. Àwọ̀ tó ń jáde nínú àmàlà wá láti ara èròjà kan nínú iṣu tó ń dúdú bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án lẹ́yìn tí wọ́n bẹ ẹ́, ìdí sì nìyí tí àmàlà iṣu kan fi máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí òmíràn dúdú bí èédú. Dídúdú kọ́ ni dídára. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n jẹ ló fẹ́ràn èyí tó pọ́n díẹ̀, tó ń dán, tí òórùn iṣu sì ṣì wà lára rẹ̀.

Láti Òkè-Ògùn ni púpọ̀ nínú èlùbọ́ tí Ìbàdàn ń jẹ ti ń wá, láti Ṣakí, Ìgbòho, Kíṣí àti àwọn abúlé tó yí wọn ká. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ló ń pèsè ju ìdajì iṣu gbogbo ayé lọ, apá àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára ibi tí iṣu ti ń ṣe dáadáa. Iṣu tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n àsìkò ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá lọ, ni àwọn obìnrin Òkè-Ògùn ń sá gbodo jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí ó pẹ́ kó tó gbẹ. Èyí tí òjò bá lórí ìsá máa ń bu, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò bó ti wù kí wọ́n rò ó tó. Bíbu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òórùn nìkan: ó lè ní oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Bí èlùbọ́ ṣe ń ti Òkè-Ògùn wá, owó ọkọ̀ ń bá a wá. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, òkèlè ti kéré sí i ní ọ̀pọ̀ búkà kí wọ́n tó sọ pé owó gun òkè.

Ọjà Bódìjà ni ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ti ń ra tiwọn. Ní 1987 ni ọjà náà bẹ̀rẹ̀ níbi tó wà báyìí, nígbà tí wọ́n kó àwọn aláta àti àwọn olóúnjẹ tútù kúrò ní Oríta Mẹ́rin. Níbẹ̀, olóúnjẹ tó gbọ́n kì í ra èlùbọ́ lílọ̀. Ó ń ra gbodo, ó ń ṣẹ́ ẹ wò, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ lójú ara rẹ̀. Ìdí méjì ló fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni pé láfún, tí wọ́n ń fi gbágùúdá ṣe, kò wọ́n tó èlùbọ́ iṣu, bẹ́ẹ̀ sì ni bí wọ́n bá ti lọ méjèèjì pọ̀, ojú lásán kì í tètè mọ̀ ọ́n. Inú àwo ló ti ń hàn: àwọ̀ àmàlà náà á ṣí, á sì máa fà mọ́ni lọ́wọ́. Èkejì ni kòkòrò. Gbodo kì í pẹ́ kí kòkòrò tó wọ̀ ọ́, àwọn oníṣòwò kan sì wà tí wọ́n ń da oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ tí ènìyàn fẹ́ jẹ. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò Sniper ní ọjà gbangba àti ní ilé ìtajà ńlá. Gbodo tí kòkòrò ti dá ihò díẹ̀ sí lára kò fani mọ́ra lójú, àmọ́ ó sàn ju èyí tí kòkòrò kankan kò súnmọ́ láti ọdún kan lọ.

Ríro ló kù. Omi gbọ́dọ̀ hó yàà kí èlùbọ́ tó wọ̀ ọ́. Wọ́n á fi orógùn rò ó kíákíá kí ó má baà di kókó, wọ́n á wọ́n omi gbígbóná sí i, wọ́n á bò ó kó lè jinná, wọ́n á tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí wọ́n bò ó yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàǹwára ti ń ba àmàlà jẹ́. Bí èrò bá ti pọ̀ níwájú, àwọn kan kì í dúró kó jinná, òórùn èlùbọ́ tútù á sì máa yọ lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ìkòkò búkà ńlá kò rọrùn láti rò. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ló ni búkà, ọ̀dọ́kùnrin alápá ni yóò máa làágùn nídìí iná lẹ́yìn.

Ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọwọ́ olóúnjẹ. Gbẹ̀gìrì ni ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sè títí ó fi fọ́ yángá, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ rò di ọbẹ̀ ṣíṣàn, tí wọ́n wá fi epo pupa, ata àti iyọ̀ sí. Gbẹ̀gìrì tó dára kì í ní hóró nínú, kì í ki bí ọ̀lẹ̀lẹ̀, kì í sì í ṣàn bí omi. Ìjábẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ja ewédú, pẹ̀lú kánún díẹ̀ kí ó lè yọ̀. Bí kánún bá ti pọ̀ jù, ewédú á yọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n adùn ewé á ti lọ. Ọbẹ̀ ata ni ẹ̀kẹta, tí ẹran wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú àwo kan náà, àbùlà nìyẹn, àwọn àgbà Ìbàdàn kì í sì í fẹ́ kí wọ́n bù wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbẹ̀gìrì ló ń jẹ́ kí búkà Ìbàdàn yàtọ̀ sí ti ìlú míràn. Ewédú wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ní Èkó kì í fẹ́ se gbẹ̀gìrì nítorí wàhálà bíbó ẹ̀wà àti nítorí pé kì í pẹ́ kan nínú oòrùn.

Nínú àwo yìí, kì í ṣe gbogbo nǹkan ló jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣu, ẹ̀wà àti epo pupa ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Tàtàṣé àti ṣọ̀mbọ̀, Mẹ́síkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn wọ́n. Ibẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ ti sọ tòmátì di ohun oko. Ata rodo wá láti ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí i, lágbègbè igbó Amazon. Àgbàdo tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ, àfonífojì odò Balsas ní Mẹ́síkò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, gbágùúdá tó di láfún sì ti Brazil wá. Lẹ́yìn 1492, nígbà tí ọkọ̀ òkun àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tí wọ́n ń bọ̀, ni gbogbo wọn ré òkun kọjá wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kí wọ́n tó dé, ataare àti ìyèré ni wọ́n fi ń mú ọbẹ̀ ta. Nítorí náà, Ìbàdàn tí ilé oúnjẹ Mẹ́síkò kò wọ́pọ̀ níbẹ̀ ń fi ata Mẹ́síkò jẹun lójoojúmọ́.

Àwọn ará Mẹ́síkò tó wà ní Texas, ní Amẹ́ríkà, náà ní ohun tó jọ búkà. Ní ìlú San Antonio, láti ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn obìnrin máa ń gbé ìkòkò ẹran aláta wá sí gbàgede ìlú lálẹ́, wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á to bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà ní 1877, àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá jẹun lọ́dọ̀ wọn, òkìkí wọn sì kàn ju ti ilé oúnjẹ olówó ńlá lọ. Òfin ìmọ́tótó ló lé wọn kúrò níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1930. Ní Houston, ìlú Texas tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí lónìí, opó kan tó ń jẹ́ Ninfa Laurenzo ló to tábìlì mẹ́wàá síwájú ilé iṣẹ́ tòtíyà rẹ̀ ní 1973 nígbà tí owó ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń tò síbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa olóúnjẹ ńlá ní Ìbàdàn kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí: obìnrin kan, ìkòkò kan, ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé.

Bódìjà ló gba òkìkí jù nínú ìlú lónìí. Kò yani lẹ́nu. Àjọ ilé gbígbé ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ẹ́sítéètì ibẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1950, Yunifásítì Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 wà nítòsí, ọjà ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ jẹ́ ẹni tó ń rìnrìn àjò, tó ń ya fọ́tò oúnjẹ, tó sì ń sọ ọ́ fún ará Èkó. Amala Skye ni orúkọ tí àlejò kọ́kọ́ ń dá. Bánkì Skye tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń júwe búkà náà títí ó fi di orúkọ rẹ̀. Bánkì ọ̀hún kógbá wọlé ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ó di Polaris, ṣùgbọ́n búkà kò yí orúkọ padà, kò sì sí oníbàárà tó bèèrè pé kó yí i. Èrò ibẹ̀ máa ń pọ̀ ní ọ̀sán, wọ́n sì máa ń to ìlà. Àmàlà rẹ̀ dára. Ṣé ó dára ju gbogbo ti Ìbàdàn lọ? Ìyẹn ni ìlà kò lè fi hàn, nítorí ìlà gígùn ń sọ iye ènìyàn tó gbọ́ orúkọ ibi kan, kò sọ iye ibi tí wọ́n ti jẹun rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ní Agbowó, iwájú Yunifásítì, owó ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wò, nítorí náà òkèlè máa ń tóbi, ẹran á sì kéré. Dùgbẹ̀ jẹ́ ti òṣìṣẹ́. Ilé Kòkó tí wọ́n ṣí ní 1965, àwọn bánkì àti ọ́fíìsì tó yí i ká ló ń rán èrò sí búkà láàárín aago méjìlá sí aago méjì, tó bá di ọjọ́ Àìkú, kò sí ẹni tó ń ro nǹkan kan níbẹ̀. Challenge àti Ring Road jẹ́ ti arìnrìn-àjò àti ti awakọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Wọ́n ń tà pẹ́ ju àdúgbò yòókù lọ, ohun tí wọ́n sì ń tà lálẹ́ kì í sábà jọ ohun tí wọ́n tà lọ́sàn-án.

Àpáta kò sí nínú ìtọ́ka àwọn àlejò. Ó wà lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Odò-Ọ̀nà, bí ènìyàn bá ti Dùgbẹ̀ ń bọ̀, kó tó dé Omi-Àdìó. Kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978, ọ̀nà Abẹ́òkúta wà lára ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ sí Èkó, nítorí náà ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ dá awakọ̀ dúró ní ìhà ibẹ̀. Nígbà tí márosẹ̀ ṣí, ojú àlejò yí sí Challenge. Àwọn tó kù ní Àpáta ni àwọn tí ibẹ̀ jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn.

Iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀. Láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni oko ìwádìí ti wà ní Moor Plantation ní Àpáta. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1921, ilé iṣẹ́ ìwádìí IAR&T, tó wà lábẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sì wà níbẹ̀ láti 1969, tó ń ṣiṣẹ́ lórí àgbàdo, ẹ̀wà àti ilẹ̀ oko. Government College, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, tí Wọlé Ṣóyínká ti kàwé, wà ní Àpáta bákan náà. Ìbùdó epo NNPC wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lójú òpó epo tó ń ti Àtíláàsì Kófù ní Èkó gba Mósímí wá sí Ìbàdàn, tó sì ń lọ sí Ìlọrin. Bí epo bá ń wọlé, awakọ̀ tánkà lè dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó gbé ẹrù. Òṣìṣẹ́ ìwádìí, olùkọ́, ọmọ ilé-ìwé, awakọ̀ tánkà, ọlọ́kadà àti onítakisí mícrà: irú èrò báyìí kì í gba ìjẹkújẹ fún ọjọ́ méjì tẹ̀lé ara wọn. Àlejò Bódìjà tí oúnjẹ kò dùn mọ́ lè má padà wá, òkìkí á sì gbé ẹlòmíràn wá rọ́pò rẹ̀. Ní Àpáta, ẹni tó jẹun lánàá náà ni olóúnjẹ ń retí lónìí. Bí ó bá lọ sí búkà kejì, gbogbo ẹni tó jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ á tẹ̀lé e.

Ohun mìíràn tó ya Àpáta sọ́tọ̀ ni láfún. Abẹ́òkúta kò jìnnà, ará Ẹ̀gbá sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, láfún sì ni oúnjẹ wọn. Gbágùúdá ni wọ́n ń rẹ sínú omi fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí ó fi rọ̀, kí wọ́n tó sá a, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ní búkà tí wọ́n bá ti ń ta àmàlà iṣu àti láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ èlùbọ́ tí wọ́n bu láfún là, tí ó wà lókè yìí, kò ní ibi tí yóò fara pamọ́ sí, nítorí oníbàárà ń rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan tún ń ro èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí dókítà ní kí wọ́n dín iṣu kù.

Bí wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ náà kò le. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ bá mi bu àmàlà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí gbẹ̀gìrì pọ̀ ju ewédú lọ." "Ẹran ńkọ́?" "Ẹ fi ṣàkì méjì sí i, kí ẹ fi pọ̀nmọ́ kan lé e." Olóúnjẹ lè kéré sí oníbàárà lọ́jọ́ orí, ìyá ni oníbàárà yóò pè é. Ìdí ẹran ni owó ń lọ. Òkèlè kì í wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ògúnfe, bọ̀kọ̀tọ̀, rọ́ńdọ̀, fùkù, ẹ̀dọ̀ àti àbọ̀dí, olúkúlùkù ló ní iye tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì bèèrè iye kó tó nawọ́ sí i lè san ju ohun tó rò lọ. Ẹran tó rọ̀ láìfọ́ ni olóúnjẹ tó mọṣẹ́ ń tà. Ṣàkì tí wọn kò fọ̀ dáadáa máa ń fi ara rẹ̀ hàn kó tó dé ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ata tó lè bo òórùn náà mọ́lẹ̀.

Àkókò ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì jẹ́ ohun tí àwọn tó ń ka orúkọ búkà fún àlejò kì í sọ. Ìkòkò àkọ́kọ́ máa ń délẹ̀ láàárọ̀ fún àwọn tó jí lọ síbi iṣẹ́ láìjẹun. Àmàlà tó dára jù ni èyí tí wọ́n rò láàárín aago méjìlá sí aago méjì, nítorí èrò pọ̀, wọ́n ń tà á bó ṣe ń jáde nínú ìkòkò, wọn kì í sì í rí àyè kó o sínú kúlà fún wákàtí mẹ́ta. Àmàlà tó pẹ́ nínú ọ̀rá máa ń sunkún: omi á hù sára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á yọ̀, inú rẹ̀ á le. Gbẹ̀gìrì kì í dúró di ìrọ̀lẹ́ níbi tí wọ́n ti ń se ìwọ̀nba. Búkà tí gbẹ̀gìrì rẹ̀ kì í tán, kí ènìyàn fura sí i. Nínú oṣù Ramadan, ọ̀sán máa ń dá ní ọ̀pọ̀ búkà, iṣẹ́ á sì yí sí àsìkò ìṣínu. Ọjọ́ Àìkú, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ tó jẹ́ Kristẹni kì í ṣí rárá. Ẹni tó bá dá ibi kan lẹ́jọ́ nítorí pé ó dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún ọjọ́ Àìkú kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ìmọ́tótó kò ṣòro láti mọ̀. Kí ènìyàn wo ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo, bóyá omi ń ṣàn tàbí agbada kan náà ni wọ́n ń rì wọ́n bọ̀ láti àárọ̀. Kí ó wo ọwọ́ ẹni tó ń gba owó, bóyá ọwọ́ náà ló tún ń mú ẹran. Kí ó wo omi tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọwọ́ fífọ̀, àti bóyá ọṣẹ wà níbẹ̀. Àwọn búkà kan ní gbọ̀ngàn tó mọ́ níwájú, kí ẹ̀yìn wọn sì kún fún ẹrẹ̀ àti eṣinṣin. Búkà onípáànù kan ní Àpáta sì lè mọ́ ju wọ́n lọ nítorí pé ìdí iná àti ìdí àwo wà lójú gbogbo ayé. Kò sí èrè nínú kí oníbàárà máa tijú láti yọjú sẹ́yìn.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdájọ́, Bódìjà ni kí àlejò tó ní wákàtí kan péré lọ, nítorí ó súnmọ́, ó ṣeé rí, oúnjẹ ibẹ̀ kò sì ní já a kulẹ̀. Ẹni tó fẹ́ àmàlà tí wọn kò bu láfún là, gbẹ̀gìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àti ẹran tí owó rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé ọmọ Èkó wà nílùú, Àpáta ni kó kọrí sí. Kó wọ mícrà láti Dùgbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kó dé ibẹ̀ kí aago kan tó lù, kó má bèèrè orúkọ búkà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó wo ibi tí àwọn awakọ̀ tánkà àti àwọn òṣìṣẹ́ Moor Plantation ti ń jẹun pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kó lọ jókòó sí ọ̀dọ̀ wọn. Kó mú owó kékeré dání, nítorí kì í ṣe gbogbo olóúnjẹ ibẹ̀ ló ní ẹ̀rọ POS.